Ẹni Tó Bá Ṣẹ́ Kù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Mo rí pẹ́ńsù kúkúrú kan lábẹ́ maṣíìnì ìránṣọ lónìí, mo tì í bọ inú irun. Bébà tí wọ́n fi ń gé àwòṣe aṣọ, mo ká a sínú yẹ̀rì. Bí n kò bá rí ibi tí màá máa tú inú mi sí, màá pa èèyàn níbí.

Mo kúkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnì kan tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló gbé èmi àti àbúrò mi dé ẹ̀wọ̀n. Ọkọ àbúrò mi yìí fi irin ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Mo gbé ayọ́ọ̀nù tó ń gbóná, mo gbá a mọ́ ọn lójú. Kékeré, àbúrò mi, di apá ọkọ náà mú kó má lè sá. Adájọ́ ní ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. Kò burú. Kò dùn mí rárá. Ohun tó dùn mí ni pé ẹsẹ̀ Kékeré kò tò dáadáa. — Kékeré ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ ga jù mí lọ.

Ẹni tó bá ń tiro kò yẹ kó dé ibí yìí. Torí Lúdò ni.

Lúdò: èmi ni mo sọ wọ́dà wa bẹ́ẹ̀, nínú ikùn mi. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dà wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, á yọ dáìsì lúdò nínú àpò àyà, á jù ú sórí àtẹ̀gùn. Bó bá já sí mẹ́ta, á ké "Mẹ́ta-mẹ́ta!", ká sáré to ìlà ní ẹni mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí kò bá rí ìlà wọ̀, tirẹ̀ ni pàṣán. Bó bá já sí ẹyọ kan, kálukú dá dúró, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù, a bọ́. A kò gbọdọ̀ fa ara wa lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ pọn ara wa. Ó máa ń nà títí apá á fi ro ó. Bí àwọn tó ṣẹ́ kù bá pọ̀, wọ́n á pín apá yẹn láàárín ara wọn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan, òun nìkan ló ni gbogbo rẹ̀.

Àárọ̀ yìí, a jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹnì kan ló ṣẹ́ kù. Ta ni ìbá tún jẹ́?

Lúdò da Kékeré dojú bolẹ̀ sórí kọnkéré. Mo ń gbọ́ bí pàṣán ṣe ń ya aṣọ, nígbà tó yá kò rí aṣọ ya mọ́. Mo fò síwájú — Ìyá Yàrá, àgbà ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ olórí wa, fi apá há mi lọ́rùn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sún, gbogbo yàrá ló máa jẹ nínú ẹ̀. Mo gé e jẹ. Ó gbá mi lẹ́nu. Omi tí mo mu láàárọ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta

Méjì-méjì. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ kù. Ó ku díẹ̀ kí n kúnlẹ̀ kí dáìsì.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹta

Mẹ́fà. Ẹni mẹ́rin ṣẹ́ kù, Kékeré wà níbẹ̀. Eyín ìyá àgbà kan fò jáde, ó ń wá a kiri nílẹ̀ bí ẹni tó sọ yẹtí nù.

Kí ló dé tí méjì ò fi mú wa lánàá, tí mẹ́fà mú wa lónìí? Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lórí láti àárọ̀. Iṣẹ́ wa ni ká máa ran bọ́tìnnì mọ́ yunifọ́ọ̀mù. Mo ń jí wọn sẹ́nu, mo ń tu wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀, títí wọ́n fi pé méjìdínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn oúnjẹ mo tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn.

Méjì-méjì: ó lọ geere. Mẹ́ta: ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mẹ́rin: méjì. Márùn-ún: mẹ́ta. Mẹ́fà: mẹ́rin. Nínú gbogbo ojú dáìsì, yàtọ̀ sí ẹyọ kan, méjì nìkan ló lè pín wa dọ́gba. Mo wá mú ìdajì rẹ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo fẹ́ pín òun náà. Pàbó! Mo fi méjì dán an wò, mo fi mẹ́ta, mo fi márùn-ún, ó kọ̀ jálẹ̀. Àfi kó dúró lóun nìkan lórí ìlà kan gbọọrọ, tàbí kí kálukú wọn dá wà. Olóríkunkun ni mo sọ irú wọn. Olùkọ́ ìṣirò wa nà mí lórí irú nǹkan báyìí nígbà kan, mo bú u, mo fò fèrèsé. Kó foríjì mí níbi tó bá wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹta

Wọ́n kó obìnrin méjì wọlé lẹ́yìn iṣẹ́. Ojú wọn ti wú wá láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá Yàrá gba sálúbàtà wọn, ó fi ọ̀kan gbá ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé. Èmi ò wo ìyẹn. Iye ni mo ń wò. Méjìdínlọ́gọ́ta, kún un méjì — ọgọ́ta!

Mo já bọ́tìnnì méjì lára aṣọ mi kún tilẹ̀, mo sáré tò wọ́n. Méjì: ọgbọ̀n ìlà. Mẹ́ta: ogún. Mẹ́rin: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Márùn-ún: méjìlá. Mẹ́fà: mẹ́wàá. Mo tú u ká, mo tún un tò. Ẹyọ bọ́tìnnì kan ò ṣẹ́ kù níbì kankan. Ọgọ́ta jẹ́ ìlọ́po gbogbo wọn pátá. Kò sí ojú dáìsì tó lè mú wa! Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó sùn lókè mi ní orí mi ti dàrú. Jẹ́ kó dàrú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Márùn-ún. Ìlà méjìlá, ó pé pérépéré. Lúdò kà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fi pàṣán na ògiri títí ẹfun fi bò ó lójú. Ṣùgbọ́n kò na ẹnikẹ́ni, torí ohun tó máa ń fi yangàn nìyẹn — pé òun kì í na èèyàn láìnídìí, pé dáìsì ló ń yan, pé ọwọ́ òun mọ́. Ọwọ́ tó mọ́! Ọlọ́run á fi ọwọ́ yẹn hàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù kẹta

Lúdò kì í wá lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í tò wá. Kékeré sùn títí oòrùn fi dé àárín ilẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì hàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fò fèrèsé!" Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹta

Àná mẹ́fà, òní mẹ́rin. Òfo. Lúdò ti pààrọ̀ dáìsì. Kó máa pààrọ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹta

Wọ́n mú ẹnì kan wá. Ẹnì kan péré. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́n ní aláìsàn kú sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe tì í wọlé báyìí, mo ti kà á mọ́ wa.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta. N kò tilẹ̀ nílò bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n mo já ọ̀kan sí i lára aṣọ mi, mo tò wọ́n náà, bóyá mo ń parọ́ fún ara mi. Méjì: ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mẹ́ta: ọ̀kan. Mẹ́rin: ọ̀kan. Márùn-ún: ọ̀kan. Mẹ́fà: ọ̀kan. Mo bínú, mo fi méje dán an wò, tí kò sí lójú dáìsì: márùn-ún ṣẹ́ kù. Mo dúró níbẹ̀. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ ti kọjá rẹ̀. Bí nọ́ńbà ńlá kan bá lè pín in, kékeré kan á bá a rìn, mo sì ti dán gbogbo àwọn kékeré wò. Olóríkunkun paraku.

Ojú dáìsì yòówù kó já sí, àfi ẹyọ kan, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́ kù. Kò ní rí ẹni bá a pín apá Lúdò.

Mo fi òwú ìránṣọ wé ọwọ́ mi méjèèjì, mo ń wo ọrùn nọ́ọ̀sì yẹn. Ọrùn tín-ín-rín ni.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Mẹ́rin-mẹ́rin. Kékeré. Òun nìkan.

Inú Lúdò dùn débi pé ó ń kọrin. Ó na ẹ̀yìn, ó na ìdí, nígbà tí Kékeré yí padà ó na ikùn. Ó gbé bàtà lé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń yí i bí ẹni pa sìgá. Ọgọ́ta obìnrin dúró, ojú wọn wà nílẹ̀. Mo wò wọ́n. Mo rí nǹkan kan lójú wọn tí n kò fẹ́ rí: ara tù wọ́n.

Ìtọ̀ rẹ̀ pupa ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kíndìnrín ni. Ó fi omi mímu tirẹ̀ fọ egbò náà, omi tí a kì í rí tó. Mo tú òwú ọwọ́ mi dànù.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró sẹ́yìn. Wọ́n sáré, mo dúró bí òpó, Kékeré rí ìlà wọ̀. Lúdò nà mí. Ó dùn mí, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ẹ̀yìn àwọn aláìlera.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kẹta

Mo tún dúró. Ó ti rí mi. Ó ní òun ti gbọ́ pé ọmọ ìyá ni wá, pé ìfẹ́ yìí wú òun lórí. Ó nà mí, ó wá fa Kékeré jáde nínú ìlà, ó na òun náà. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tún fi ara mi dípò, ìlọ́po méjì ni ti Kékeré máa jẹ́.

Mo fẹ́ bù ú jẹ ní ọ̀fun. Wọ́n di mí mú.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹta

Mẹ́ta. Kékeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Ẹyọ kan! Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Méjì. Kékeré.

Lẹ́yìn iṣẹ́ mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Yàrá. Èmi! Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbà á ní títò. Ẹnì kan lónìí, ẹlòmíì lọ́la. Ọgọ́ta la jẹ́ yàtọ̀ sí Kékeré, kó tó tún kan ẹnikẹ́ni á ju oṣù méjì lọ." Mo ṣe ìṣirò náà fún wọn lórí ìka. Mo rò pé ẹni tó bá gbọ́ á gbà.

Ìyá Yàrá ń ya irun lọ. Wọ́n ní kí ló dé tí a ó fi máa pín ohun tí ẹnì kan lè dá gbé. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti dé, àwọn ń sùn, ọkàn àwọn balẹ̀, àwọn kò sáré pa ara àwọn láàárọ̀ mọ́. Kí n má wá ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó wà lórí ibùsùn mìíràn gbọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

N kò mọ̀ pé èèyàn lè kórìíra ọgọ́ta ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ nọ́ọ̀sì. Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mo yọ ara mi — rárá, mo dá ara mi padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹta

Àná ẹyọ kan. Òní mẹ́fà.

Kékeré kò pariwo mọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan tó ti gbàgbé rẹ̀. Ara rẹ̀ wú, ojú wú, ọwọ́ wú.

Nọ́ọ̀sì pè mí sí kọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń fọṣọ. Ó ní òun ò ní tàn mí. Ìtọ̀ Kékeré ti ń dúró. Bó bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè bọ́. Bó bá tún jẹ pàṣán lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, kò ní dìde. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ wọ́n ní ilé ìwòsàn inú ọgbà. Wọn kì í gba ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì gbé e dúró. Àfi ẹni tó bá ti dákú.

Mo ti rí ohun tí màá ṣe. Èèyàn tó bá jà, wọ́n á jù ú sí yàrá àdáwà. Ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún kì í wá sórí ìlà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta, yọ èmi kúrò: ọgọ́ta. Méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà — kí Lúdò ju dáìsì rẹ̀ títí ọwọ́ á fi bọ́ léjìká. Ìgbátí kan fún Ìyá Yàrá, kí n fa aṣọ wọn ya díẹ̀, kí n pariwo. Ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹta

Ẹyọ kan ló já láàárọ̀. Mo mọ̀ pé n kò ní rí irú rẹ̀ mọ́, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ohun tí mo ti pinnu.

Mo ń kọ èyí nínú yàrá àdáwà. Pẹ́ńsù kò bọ́ nínú irun mi, wọn ò tú u. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́ torí ọ̀tún ti wú bí búrẹ́dì.

Ó yẹ kó jẹ́ ìgbátí. Mo lọ bá Ìyá Yàrá nídìí maṣíìnì, mo bú wọn, mo ní olè sálúbàtà. Wọn ò bínú. Wọ́n gé òwú, wọ́n ní, "Arọ yẹn lo ṣì ń sunkún rẹ̀? Bó bá kú, ọgọ́ta la óò kù. Ìyẹn náà dáa." Wọ́n ti ṣe ìṣirò náà. Gbogbo ohun tí mo fi bọ́tìnnì wá, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n sì fi sí nìyẹn.

Ọwọ́ mi kò wá ojú wọn. Àpótí ìjókòó ló bá. Mo gbé e, mo là á mọ́ wọn lẹ́nu, eyín fọ́n ká sórí yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ṣubú. Mo tún là á mọ́ wọn lórí. Mo gbọ́ tí nǹkan sán, n kò mọ̀ bóyá àpótí ni tàbí orí. Mo ṣì ń là á nígbà tí kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju ẹsẹ̀ àpótí lọ. Àwọn wọ́dà mẹ́ta ló fi kóńdó dá mi dúró. Wọ́n fi irun wọ́ mi dé ibí.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kẹta

Fèrèsé kékeré kan wà lókè, ó kọjú sí ibi àtẹ̀gùn tí wọ́n ti ń tò wọ́n. Lọ́la màá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, màá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sára ògiri, gbogbo àwọn tó lè pín ọgọ́ta láìṣẹ́ kù: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ọgbọ̀n, òun tìkára rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀! Nọ́ńbà tó lawọ́ ni.

— Ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì wá, wọ́dà kan tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó wá di ọwọ́ mi. Ó ní Kékeré mu omi, ó tọ̀ díẹ̀. Mo ní ó ṣeun. Mo bèèrè, ṣe wọ́n ti ran ẹnu Ìyá Yàrá. Nọ́ọ̀sì ń di aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ. Ó wá ní Ìyá Yàrá ò tíì jí, láti àná. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ìta. Bóyá wọ́n á padà, bóyá wọn ò ní padà.

Mo ní, "Nígbà náà, ẹ jẹ́ mélòó?"

Ó ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹni méjì. Ẹni méjì ni mo yọ. Yéè! Èmi tí mo mọ ìṣirò! Mi ò ní bọ́tìnnì níbí, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Méjì: ọ̀kan ṣẹ́ kù. Mẹ́ta: méjì. Mẹ́rin: mẹ́ta. Márùn-ún: mẹ́rin. Mẹ́fà: márùn-ún. Mo fi méje, bí ẹni pé méje á gbà mí: mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí mo tún lè fi dán an wò. Olóríkunkun ni.

Mo lu ilẹ̀kùn títí aṣọ tó dì fi pupa. Mo ní kí wọ́n mú mi jáde, mo ti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan. Bí kò bá lè jẹ́ ẹyọ kan, jẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà, kí wọ́n jẹ́ márùn-ún lórí ilẹ̀, kí apá ti ro Lúdò kó tó dé ọ̀dọ̀ Kékeré. Ó lè mú àwọn mìíràn kọ́kọ́. Jẹ́ kó mú àwọn mìíràn kọ́kọ́. N kò tijú. Gbogbo wọn ni kó nà.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹta

Mo gbọ́ dáìsì lórí àtẹ̀gùn.

"Méjì-méjì!"

Ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ púpọ̀. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́.

Mo ké orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́, kì í ṣe Kékeré. Mo ké e títí ọ̀fun mi fi ya. Bóyá ó gbọ́. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, "Ẹ̀gbọ́n mi!", ó tún ké, lẹ́yìn náà kò ké mọ́.

Pàṣán ṣì ń dún.